Adágún Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ọkọ Mi

Bí òjò bá ti dá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òórùn ẹrẹ̀ àti ewé oṣíbàtà ni yóò gba gbogbo ẹ̀yìn ilé ọkọ mi. Adágún kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀, lámilámi ń bà lórí ewé, lékeléke sì ń rọra gbẹ́sẹ̀ ní etí omi bí ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ òun tutù. Bàbá ọkọ mi, káfíńtà tó ti fi ṣọ́ọ̀bù wọn ní Olówógbowó sílẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, kì í kírun Aláásàrì tán kí wọ́n má lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi ò fẹ́ràn adágún yẹn. Ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì ni mo wọ ilé wọn, ọdún kejì ni mo bí àkọ́bí mi obìnrin. Ibà mú un lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì, gìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹ̀fọn ló ń fà á, pé kí n wo ibi tí omi bá dúró sí nítòsí wa. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi lọ sí adágún. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn wolé-wolé lọ, mo fẹjọ́ sùn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, títí kan ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, wolé-wolé kan dé. Ó ní, “Bàbá, a máa kó yanrìn dí omi yìí o. Wọ́n ní ẹ̀fọn ibẹ̀ ń ṣe ọmọdé.”

Bàbá ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Ọkùnrin náà ṣèèṣì wò mí, mo sì wolẹ̀. Bàbá rí i. Wọ́n dìde, wọ́n fi abọ́ funfun bu omi adágún. Ẹja wẹ́wẹ́ ló ń yí nínú rẹ̀, kò sí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, kan ṣoṣo. Wọ́n wá ń yẹ gbogbo ẹ̀yìn ilé wò, títí wọ́n fi dé ìdí dúrọ́ọ̀mù òjò tí mo fi ń fọ ìlédìí ọmọ mi. Mi ò dé e rí. Tanwíjí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n bu díẹ̀ sínú abọ́ ẹja, kí a tó ṣẹ́jú mélòó kan, ẹja ti gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Wolé-wolé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ yín mọṣẹ́ ju tiwa lọ.” Ó ní kí a da omi dúrọ́ọ̀mù nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ dákun, èmi ni.”

“Mo mọ̀,” wọ́n dáhùn. “Ta ni yóò bá ìyá tó ń wá ìwòsàn fún ọmọ rẹ̀ wí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ bi wá.” Kó tó di Màǹgàríbì, wọ́n ti kan ìdérí pákó fún dúrọ́ọ̀mù mi.

Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ibà ò padà gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, adágún sì wà níbẹ̀ títí a fi kó kúrò. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni mo di ẹ̀bi rù, láì wo ọ̀dọ̀ ara mi. Àṣé èèyàn lè mọ àṣìṣe ẹni kó sì fi aṣọ bò ó. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ sàréè. Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.