Kẹ́hìndé Wà Nítòsí Rẹ

Irọ́ pípa gba agbára, èmi ò sì ní agbára kankan lára mọ́. Nítorí náà, ẹ gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bí mo ṣe sọ ọ́. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn ń ràn, mi ò mutí, mi ò sì sùn.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Èrúwà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀ nígbà náà: èmi, ọ̀gá wa tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Bùsọ́lá, àti Ráṣídì tó máa ń ki òwú bọ èèyàn nímú láti fi mọ̀ bóyá kòrónà wà lára rẹ̀.

Ìgbà kòrónà lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ ò tíì gbàgbé ìgbà náà, àbí? Ẹni tó bá wúkọ́ nínú mọ́tò, gbogbo èrò á fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mo ti kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìgàngàn, kí n má baà gbé àìsàn ibi iṣẹ́ délé fún wọn. Bí mo bá délé lálẹ́, èmi àti ògiri ni.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi gbé áàpù kan wá fún wa láti òkè. Wọ́n ní ká fi í sórí fóònù wa, ká fi fóònù sápò. Bí fóònù ẹlòmíràn tó ní áàpù náà bá sún mọ́ tiwa, àwọn méjèèjì á mọ ara wọn. Bó bá di ọ̀la tí wọ́n bá kòrónà lára ẹni yẹn, fóònù rẹ á dún, á ní kí o lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti àwa oníṣẹ́ ìlera tún ju ti ará ìlú lọ. Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá sún mọ́ wa sójú fóònù, kí á lè mọ aláìsàn tó wọlé.

Màmá Bùsọ́lá kò fẹ́ rí áàpù náà sójú. Ó ní, "Àwa kọ́ ló yẹ kó lò ó. Aláìsàn la ń fọwọ́ bà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wọ ìbọ̀wọ́, kò mọ̀ pé mo lo ìbòmú. Yóò kàn máa dún ni. Bó bá dún fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò gbẹ̀bí?"

Ráṣídì ní, "Màmá, bí àwa bá gbé àìsàn tọ aboyún lọ ńkọ́? Ẹni tó ń wo aláìsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí Màmá bá sọ tirẹ̀, òótọ́ ni. Bí Ráṣídì bá sọ tirẹ̀, òótọ́ náà ni. Èmi fi áàpù sórí fóònù mi nítorí pé ó rẹ̀ mí láti máa gbọ́ wọn. Wọ́n tún ní ká máa fi í sórí fóònù àwọn aboyún tó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n bímọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Aboyún kan wà tó ń jẹ́ Táyé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Abúlé kan lọ́nà Lánlátẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nítorí pé kónílé-ó-gbélé ká ọkọ rẹ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ẹ kúkú mọ̀ wá ní Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ ìbejì ò ṣàjèjì sí wa. Ìbejì ni Táyé. Èkejì rẹ̀ ti lọ láti kékeré, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Mi ò sọ pé ó kú o. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì.

Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò gbẹ́ ère kankan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohunkóhun tí Ìyá Ìbejì bá fẹ́ rà fún Táyé, méjì ló máa ń rà. Bàtà méjì, àǹkárá méjì, abọ́ ẹ̀wà méjì. Bí Táyé ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ Kẹ́hìndé ń gùn sí i nínú àpótí kan lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ìyá náà ra fóònù fún Táyé, ó ra ti Kẹ́hìndé.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ kan. Mo fi áàpù sórí fóònù Táyé tán, mo ti ń kó ẹrù mi, ni ìyá náà bá fa àpótí jáde. Ó na fóònù kejì sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí, kí ó mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé ṣáájú láti wá tọ́ ayé wò.

Mo wo Táyé, Táyé ń wo ilẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ta ló máa wo ojú Ìyá Ìbejì kó ní ọmọ rẹ̀ ò sí? Ẹ̀yin náà ò ní sọ ọ́. Mo tẹ orúkọ Kẹ́hìndé síbẹ̀, mo tẹ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú ti Táyé, áàpù sì gbà á. Ìyá náà fi aṣọ wé fóònù, ó dá a padà sínú àpótí, ó bu ẹ̀wà fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo dá wà ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá Bùsọ́lá lọ sí ìpàdé ní Èrúwà. Ráṣídì lọ kírun. Òòrùn mú débi pé páànù ń dún lókè. Mo gbé orí lé tábìlì, ni fóònù mi bá gbọ̀n nínú àpò.

Ohun tó kọ ni pé, Kẹ́hìndé wà nítòsí rẹ.

Mo wo ìta. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní fàráńdà, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Mo mọ ojú yẹn. Mo mọ àǹkárá aláwọ̀ ewé tó wọ̀, òun ni Táyé wọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ sílé wọn. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní Táyé ló mú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

"Táyé, ṣé inú ń rún ọ ni?"

Ó mi orí. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Mo ń dúró ni."

"Ta lò ń dúró dè?"

"Táyé."

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fura. Ẹni tó bá ti rẹ̀ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò pẹ́ kó tó yé e. Mo ní kó jókòó, kí n lọ mú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Mo dé àárín yàrá kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára. Oyún Táyé ti yọ débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà nílẹ̀. Ikùn obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, pẹlẹbẹ ni.

Orí mi wú. Nígbà tí mo padà síta, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró ọ̀kadà. Iwájú fàráńdà tí mo gbá láàárọ̀ wà bí mo ṣe gbá a, ojú ọwọ̀ ṣì wà lórí iyẹ̀pẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan.

Mo pe Táyé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó wà nílé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀, mo sì bèèrè fóònù Kẹ́hìndé.

Ìyá náà ní, "Ó wà nínú àpótí. Kò tiẹ̀ sí iná lára ẹ̀."

Mo ro ẹjọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Màmá Bùsọ́lá, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Igbó-Ọrà ni. Ó ní, "Yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù rẹ. Mo ti wí fún yín pé kì í ṣe tiwa."

Ráṣídì ní, "Bí Àǹtí bá yọ ọ́, ṣé kò ní wá mọ́ ni, àbí Àǹtí ò kàn ní mọ̀ pé ó wá?"

Mi ò yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá Ìyá Ìbejì nílé, mo ní kó jẹ́ kí n yọ orúkọ Kẹ́hìndé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí Táyé ò ti ní gbọ́.

"Ẹ má lé e, Nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá lé e lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ ni yóò gbà lọ. Láti ìgbà tí Táyé ti lóyún ló ti ń pè é lójú àlá."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ohun tí ẹni orí bẹ́ǹṣì ń dúró dè. Bí Táyé bá wá bímọ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò mú un lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́ fún yín, inú sì bí mi. Mo ní Táyé ò ní kú lọ́wọ́ mi. Mo fi áàpù sílẹ̀, ó kéré tán, n ó mọ ìgbà tó bá wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí fóònù mi kì í gbọ̀n. Nígbà mìíràn n ó rí i lórí bẹ́ǹṣì, nígbà mìíràn mi ò ní rí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí Táyé rọbí, mi ò tíì délé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Obìnrin méjì ló bí lọ́wọ́ mi mọ́jú. Àárọ̀ ni wọ́n gbé Táyé dé. Nígbà tí òòrùn fi máa gun àtàrí, kò ní agbára mọ́, ọmọ ò sì tíì yọjú. Ráṣídì ti jáde lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ń sá fún aláìsàn nígbà náà. Màmá Bùsọ́lá di ẹsẹ̀ Táyé mú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ sílẹ̀.

Táyé kàn ṣàdédé dákẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè mú un. Mo gbé ojú sókè.

Ó dúró níbi ìgbèrí ibùsùn. Kò lo ìbòmú. Ojú Táyé gan-an ni, kò sí ìyàtọ̀, àfi pé èyí jẹ́ ojú ẹni tó ti sùn dáadáa. Ó na ọwọ́ sí Táyé bí ẹni fẹ́ fa ọmọdé sọdá títì.

Táyé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Kẹ́hìndé ní ká máa lọ."

Mo wá àdúrà lẹ́nu mi, mi ò rí. Àárẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, àárẹ̀ náà ló sì sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ó jókòó tì lẹ ń wá, ẹ fi Táyé sílẹ̀. Ẹ wá jókòó tì mí. Èmi náà ò ní ẹnì kankan nílé."

Màmá Bùsọ́lá wò mí. "Kí lo wí?"

Obìnrin náà yí ojú sí mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí a ṣe ń wo yàrá tí a fẹ́ háyà, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Táyé figbe ta, ó fi gbogbo agbára tó kù ti ọmọ náà síta, ọmọ sì dé. Obìnrin ni, ọ̀kan ṣoṣo. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ náà ṣe ń sunkún.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ní ẹni tó bá wù lè yọ áàpù náà. Màmá Bùsọ́lá ti yọ tirẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ráṣídì náà yọ tirẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò yọ ọ́. Táyé ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àlá mọ́. Ó ti sanra, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn.

Fóònù mi ṣì ń gbọ̀n. Nílé ni, lọ́jà ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí mo bá wọ mọ́tò ní Èrúwà tí mò ń lọ sí Ìbàdàn, èrò á wọlé, wọ́n á wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o," wọ́n á sì kọjá lọ sẹ́yìn. Mi ò rí ẹni tí wọ́n ń kí. Kòrónà ti lọ, àwọn ọmọ mi ṣì wà ní Ìgàngàn. Wọ́n ń bi mí ìgbà tí n ó wá kó wọn, mo sì ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣé kí n kó wọn wá bá a ni?

Ọdún tó kọjá, Ìyá Ìbejì wá kí mi. Ó gbé àpótí yẹn dání. Ó ní ibi tí èèyàn bá ń gbé ni ẹrù rẹ̀ ń wà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ọ̀rá kan, ó mú àǹkárá tuntun jáde, méjì, oríṣi kan náà. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Táyé á fẹ́ràn ẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Táyé kọ́. Ti Kẹ́hìndé rèé. Tìẹ rèé."

Mi ò tíì rán àǹkárá náà. Ó wà lórí àga níbi tó gbé e sí, mi ò sì lè gbé e sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ wa, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò tún gbé irú áàpù yìí wá, nítorí àìsàn ò tíì tán láyé. Mi ò ní kí ẹ lò ó, mi ò ní kí ẹ má lò ó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni tí ẹ ò gbọ́ mímí rẹ̀ sí i, ẹni yòówù kó bẹ̀ yín. Bó bá sì rẹ̀ yín lọ́sàn-án gangan, tí ẹ dá wà, tí ó ń ṣe yín bíi kí ẹnì kan wá jókòó tì yín, ẹ fi sínú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ tèmi, mi ò sì tíì dá wà láti ọjọ́ náà.