Ojú Bàbá Lórí Òkun Jẹ́dà

“Kí lo rí?”

Ohùn Bàbá wá láti ẹ̀yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Iwájú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ mi létè. Òórùn ẹja wẹ́wẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ìjẹ ń jáde láti inú agolo tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, kò sì jẹ́ kí n mí dáadáa.

“Funfun,” mo dáhùn.

“Ṣé ó fẹ̀?”

“Ó fẹ̀, Bàbá. Iyanrìn ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Àjẹ̀ wọn tún wọ inú omi, ọkọ̀ sì sún síwájú.

Bàbá tó bí ìyá mi ni mo ń pè ní Bàbá. Ojú wọn kan ti kú pátápátá nígbà tí mò ń wí yìí, èkejì kò sì rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ sí òkun láràárọ̀, torí ẹja tí wọ́n ń pa là ń jẹ, òun náà là ń tà. Ọkọ̀ kékeré yẹn kì í ṣe tiwa. Ará Jẹ́dà kan ló ni ín, ó sì ń gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹja tí a bá gbé bọ̀. Bó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n pé afọ́jú ló ń wa ọkọ̀ òun kiri láàárín àpáta inú omi, ọjọ́ náà ni yóò gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú mi dání. Ìyá mi gé irun mi kanlẹ̀, wọ́n wọ tọ́ọ̀bù, ẹ̀wù gígùn àwọn ọmọkùnrin, fún mi, wọ́n dé fìlà funfun sí mi lórí, gbogbo etíkun sì gbà pé ọmọkùnrin ni Háàjì arúgbó, bí wọ́n ṣe ń pe Bàbá, ń mú lọ sómi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Kí n má purọ́, tọ́ọ̀bù yẹn dùn mọ́ mi ju kí n máa bá ìyá mi fọ aṣọ lọ.

Èdè Yorùbá la fi ń bo àṣírí náà. Lárúbáwá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, torí Jẹ́dà ni wọ́n bí mi sí, òun ni mo sì fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré. Nílé, bí wọ́n bá fi Yorùbá pè mí, Lárúbáwá ni mo fi ń dáhùn, ìyá mi á sì bú mi. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, Bàbá kò gbà á rárá. Ohùn máa ń rìn jìnnà lórí omi, àwọn apẹja yòókù kò sì jìnnà sí wa. Bí mo bá figbe ta ní Lárúbáwá pé àpáta wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á bi ara wọn pé kí ló dé tí arúgbó náà kò fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Nítorí náà, wọ́n kọ́ mi ní àwọ̀ omi. Ibi tí iyanrìn wà nísàlẹ̀ tí omi kò jìn, funfun. Ibi tí àpáta bá ti sún mọ́ òkè, tí omi ń pọ́n bí irin tó ti dípẹtà, pupa. Ibi tó jìn, tí ọkọ̀ lè kọjá láìsí wàhálà, dúdú. Mo bi wọ́n pé kí là ń pe àwọ̀ ojú ọ̀run, torí Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un. Wọ́n ní lẹ́bàá ọ̀sà tí wọ́n ti bí àwọn, ní apá Ẹ̀pẹ́, omi tó bá jìn, dúdú ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́ rí.

Bí a bá dé ibi ìpẹja, iṣẹ́ mi parí nìyẹn, tiwọn ló kù. Wọ́n á ju òkúta ìdákọ̀ró sómi, wọ́n á ki ìjẹ bọ ìwọ̀, wọ́n á jẹ́ kí okùn máa yọ̀ láàárín ìka wọn títí tí ìwọ̀ á fi kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju omi tó ń lu ara ọkọ̀ pẹ́pẹ́. Ìka wọn mọ ẹja tó ń tọ́ ìjẹ wò, ó sì mọ èyí tó ti gbé e mì. Tí wọ́n bá fà á sókè, ẹja pupa kan tí àwọn ará Jẹ́dà fẹ́ràn gan-an, tí wọ́n ń pè ní nájìlì, á máa ta pàtìpàtì nílẹ̀ ọkọ̀, èmi á sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

“Ọkùnrin wo ló ń sá fún ẹja?” Bàbá á bi mí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́. Àárẹ̀ ni mo fi mọ̀ wọ́n jù. Bí a bá gúnlẹ̀, orí iyanrìn ni wọ́n á jókòó sí, wọ́n á na ẹsẹ̀ títí èmi á fi ká okùn tán. Nígbà míì wọ́n á sùn lọ lórí ìjókòó, eṣinṣin á máa rìn lórí ọwọ́ wọn tó ń rùn fún ẹja. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi òkun sílẹ̀. Ìyá mi ní ká kó lọ sí Mẹ́kà, pé obìnrin kan tí àwọn jọ jẹ́ ará ilé wà ní àdúgbò Misfalah níbẹ̀ tó lè fún wa ní yàrá, aṣọ àwọn tó wá ṣe Háàjì sì pọ̀ níbẹ̀ láti fọ̀.

“Kí n wá ṣe kí ní Mẹ́kà?” Bàbá dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀. “Ṣé o ò rí àwọn afọ́jú tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí Haram ni? Àwọn èèyàn wa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n wá ṣe Háàjì, owó tán, ojú fọ́, ọwọ́ nínà ló kù. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń pa ẹja, mi ò tíì di alágbe.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣagbe, Bàbá?”

“Kò sẹ́ni tó ní káwọn náà ṣe é. Àárẹ̀ ló ń gbé èèyàn jókòó síbẹ̀.”

Ìyá mi gbé ọpọ́n ìfọṣọ wọn, wọ́n jáde.

Ìlànà kan wà tí Bàbá kì í yẹ̀: a kì í padà sílé ní kùtùkùtù. Apá ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ wà sí wa, bí a bá sì kọjú sílé láàárọ̀, oòrùn á wọ̀ wá lójú gan-an, omi á máa dán yinrinyinrin. A máa ń dúró kí oòrùn gòkè kí a tó gba àárín àpáta kọjá. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, ẹja sì tètè gbé ìwọ̀. Wọ́n ká okùn.

“Ó rẹ̀ mí,” ni wọ́n wí. “A ò dúró de oòrùn lónìí. Ìwọ ṣáà la ojú rẹ dáadáa.”

Mo la ojú mi títí omi fi ń bọ́ níbẹ̀.

“Kí lo rí?”

“Funfun.”

“Báyìí ń kọ́?”

Níwájú wa, láàárín omi tó ń dán, nǹkan kan ṣókùnkùn. Kò pọ́n rárá. Mo fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, mo wò ó dáadáa, mo sì sọ ohun tí mo rí.

“Dúdú, Bàbá.”

“Dúdú dáadáa?”

“Dúdú kirikiri.”

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti délé. Wọ́n wa àjẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára wọn. Ọkọ̀ fò síwájú, ó gun orí nǹkan, ó sì dún gbàà lábẹ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń la igi. Mo ṣubú lé agolo ìjẹ. Nígbà tí mo máa dìde, omi ti ń wọlé.

Bàbá na ọwọ́ sínú òkun, wọ́n fi kan àpáta, wọ́n sì fà á sókè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

“Dúdú lo rí?”

“Wàláhì, dúdú ni, Bàbá. Dúdú ni mo rí.” Mo ti ń sunkún.

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù. “Òótọ́ lo sọ. Àpáta tí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú náà ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fún ẹ ni kò tó. Gbé agolo yẹn, máa gbọ́n omi.”

Mo da ìjẹ nù, mo ń gbọ́n omi títí àwọn apẹja méjì fi wá fi okùn fà wá sí èbúté. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti dúró sétí omi. Mo rò pé á pariwo, kò pariwo. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ibi tí ọkọ̀ ti là. Ó wo èmi, ó wo Bàbá. Lẹ́yìn náà ó dúró síwájú wọn, ó sì ju ọwọ́ síwá-sẹ́yìn níwájú ojú wọn. Bàbá kò ṣẹ́jú. Mo fẹ́ ké sí wọn pé kí wọ́n ṣẹ́jú.

“Aláhù yùsámíhàk, yá Háj,” ọkùnrin náà wí, kí Ọlọ́run dárí jì ọ́, Háàjì. Ó rọra gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí a máa kó gbogbo ẹja náà lọ, òun kò ní gba ìpín kankan. Mo rò pé èyí gan-an ló dùn wọ́n jù.

Kò pẹ́ sígbà náà tí a fi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Mẹ́kà. Yàrá tí a rí ní Misfalah há, ó sì móoru. Òórùn ọṣẹ ló gba ibẹ̀ kan, aṣọ ará Jáfà, aṣọ ará Íńdíà, aṣọ àwọn tiwa, gbogbo rẹ̀ ni ìyá mi ń fọ̀ títí awọ ọwọ́ wọn fi ń bó. Irun mi ti ń hù padà, mo sì ti padà sínú ẹ̀wù obìnrin, inú mi kò dùn sí i. Bàbá a máa sùn lórí ẹní, wọ́n á kọjú sí ògiri. Àwọn aládùúgbò á kí wọn pé ẹ kú oríire, Bàbá, ẹ ti sún mọ́ Haram. Wọ́n á ní alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Inú yàrá ni wọ́n ti ń kírun. Bí ìyá mi bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Bí wọ́n ṣe rìn la aṣálẹ̀ kọjá láti wá rí ilé Ọlọ́run nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀rù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló wá ń bà wọ́n lọ́jọ́ ogbó.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ṣàdédé dìde jókòó, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n gbọ́ ohùn àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ nítorí Ọlọ́run, ọwọ́ yẹn fún mi léjìká débi pé ó dùn mí. A sáré kọjá. Nínú lọ́hùn-ún, a kírun Alásárì ìrọ̀lẹ́, a sì jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣì gbóná láti ọ̀sán. Àwọn ẹyẹlé ń ké, àwọn tó ń pín omi Sámúsámù ń lu ife mọ́ra. Ara Bàbá rọlẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà, wọ́n gbé ojú funfun wọn sókè, wọ́n sì ń ṣe àdúà, ètè wọn nìkan ló ń mì.

Ìyá arúgbó kan tó ń kọjá lọ, àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn, dúró. Ó wò wọ́n, àánú ṣe é, ó sì fi ẹyọ owó kan sí wọn lọ́wọ́.

Ètè Bàbá dúró.

“Kí nìyí?”

“Owó ni, Bàbá.”

“Ta ló fi síbẹ̀?”

“Ìyá kan ni. Àlejò. Mo lè sáré bá a, kí n dá a padà.”

“Jókòó.”

Wọn ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Owó náà wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ètè wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, lọ́tẹ̀ yìí ohùn wọn jáde, mo sì gbọ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. “Ọlọ́run, obìnrin yìí, má jẹ́ kó há síhìn-ín. Má jẹ́ kí owó ọ̀nà rẹ̀ tán. Jẹ́ kó rí ilé rẹ̀ padà, kó bá àwọn èèyàn rẹ̀ láàyè.” Wọ́n ní àmín, wọ́n sì fi owó náà lé mi lọ́wọ́.

“Lọ ra búrẹ́dì. Ebi ń pa wá.”

Mo rà á. Ó gbóná, ó sì dùn, inú sì bí mi pé ó dùn. Bàbá jẹ tiwọn tán, wọ́n ṣa èyí tó já sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Wọn ò fajú ro. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù láti ọjọ́ pípẹ́ ti dé bá wọn, ó ti kọjá lọ, kò sì kù ju àárẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lọ sí Haram lójoojúmọ́, títí wọ́n fi kú.

Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà nígbà náà lọ. Eékún mi kò gbà mí mọ́, síbẹ̀ n kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan lóòró. Bí mo bá rí ẹni tó tẹ́ ọwọ́, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó tì í, mo máa ń dúró títí yóò fi sọ ọwọ́ kalẹ̀, n óò wá kí i. Èyí máa ń sú àwọn ọmọ mi, wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á máa fi Lárúbáwá pè mí pé ká máa lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n mú sùúrù, ó lè jẹ́ Ọlọ́run lẹni náà ń bá sọ̀rọ̀.