Àwọn Alábàárù Orí Àtẹ̀gùn Kẹwàá

Ohun tó máa ń rí Dókítà Adéníkẹ́ lára kò lóǹkà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun tó ń fi tòsì tẹ fóònù, ó ń rí i lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, tó tún wá ṣì í dà kọ, ìyẹn náà ń rí i lára. Ṣùgbọ́n títí di oṣù kẹta ọdún yìí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì sí lára wọn.

Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Iba, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lépa: kí ló ń mú ayé ẹ̀dá dára, tí ènìyàn á fi lè sọ pé òun náà gbé ayé? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ìbéèrè yẹn jiyàn nínú ọ́fíìsì tó tutù nini. Adéníkẹ́ ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí kò bá lè dé inú ọjà, ariwo lásán ni. Mummy Àlàáfíà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Bí Àjọ Ìtura, ẹgbẹ́ aláàánú kan, ṣe wá bá a nìyẹn. Wọ́n lówó lọ́wọ́ láti kọ́ ilé ìsinmi kan ṣoṣo ní agbègbè Ọjọ́ l'Ékòó, pẹ̀lú omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, fún àwọn tí ayé ń ni lára jù. Kí Dókítà bá wọn wádìí ẹni tó tọ́ sí.

Adéníkẹ́ ti mọ ẹni tó tọ́ sí kó tó gbé kálámù. Àwọn obìnrin alábàárù kan wà ní àgbàlá kan lẹ́yìn oríta Okokomaiko, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù láti inú tírélà. Ogójì ni wọ́n, wọn kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí nǹkan bá ń gbọ̀n wọ́n, ẹ̀yìn kọ̀ntéénà jíjẹrà kan létí gọ́tà ni wọ́n ń lọ, ẹnì kan á na ìró bo ẹnì kejì. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹnu kan omi láti àárọ̀ títí wọ́n á fi délé. Mùsítúrà ọmọ Ṣakí, tó jẹ́ olórí wọn, ó ti di ọdún méjì tí ìtọ̀ ti ń ta á.

Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kì í sọ pé òun mọ̀ láìwádìí. Adéníkẹ́ ya àtẹ̀gùn onípele mẹ́wàá sórí ìwé. Ọ̀kan ni ayé tó burú jù, mẹ́wàá ni ayé tó dára jù. Ibo lo wà? Ó fi bi àwọn olùkọ́ yunifásítì, kó lè rí ohun tí yóò fi wéra, ó wá gbé e lọ bá àwọn alábàárù ní kùtùkùtù àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

Mùsítúrà kúnlẹ̀ kí i, ó tẹjú mọ́ àtẹ̀gùn náà. "Mẹ́wàá ni tèmi o, mà. Alihamudu lilaahi."

Ìkejì ní mẹ́wàá. Ìkẹta ní mẹ́wàá. Ọ̀kan tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ lóṣù tó kọjá ní mẹ́sàn-án, ni àwọn yòókù bá pariwo lé e lórí, ló bá yí i padà sí mẹ́wàá. Ó ya Adéníkẹ́ lẹ́nu díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú àtikúrò níbẹ̀, ó kọ ohun tí wọ́n wí, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ ńkọ́? Mẹ́ta, mẹ́rin. Ọ̀kan tó ní mọ́tò méjì ní orí àtẹ̀gùn kejì lòun wà, nítorí jẹnẹrétọ̀ òun bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí àjọ náà gbé àbájáde jáde, Sherif tó jẹ́ akọ̀wé wọn wọ kóòtù, ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "The data is clear. Àwọn alábàárù, nine point nine. Àwọn lecturer, three point one. A ti mọ àwọn tó nílò ìtura." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iba ni wọn yóò kọ́ ilé náà sí, fún àwọn olùkọ́, wọn yóò sì fi ibi eré ìdárayá kún un.

Adéníkẹ́ fò dìde. "Sherif, àwọn obìnrin yẹn ò níbi tí wọ́n ń tọ̀ sí!"

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí page one report yìí pé ká má fi ojú tiwa wo ayé ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà lẹ sign."

Òótọ́ ni. Wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni onímọ́tò méjì jókòó tì í, ó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, epo ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Dókítà, iṣẹ́ yín yìí múná dóko." Ẹnu ọkùnrin náà rí Adéníkẹ́ lára, ẹ̀rín Sherif rí i lára, ìgbà tó wá rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé yẹn, ìyẹn ló burú jù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gba Okokomaiko lọ. Ó bá Mùsítúrà lórí ike ọ̀dà tó dojú dé.

"Ìyá Sàmíát, kí ló dé tí ẹ fi ní mẹ́wàá?"

Mùsítúrà bú sẹ́rìn-ín. "Háà, mà! Àárọ̀ kùtù lẹ dé, a ò tíì ru ẹrù kan. Ẹ ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ibi tí mo wà láyé. Ṣé kí n wá ní ọ̀kan ni, kí màláíkà ṣe àmín sí i?"

Adéníkẹ́ mọ èyí. Orí ibùsùn àìsàn ni ìyá tirẹ̀ wà n'Ìkéré, tí ẹ̀kọ mímu kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè àlàáfíà rẹ̀, "Ara ń le, a dúpẹ́" ló ń gbọ́. Inú àṣà yẹn ni wọ́n ti tọ́ Adéníkẹ́ dàgbà. Ó wá mú àdúrà àwọn olórí pípé, ó fi ṣe ìṣirò! Ó kórìíra ara rẹ̀ gidigidi. Ó sọ bó ṣe rí fún Mùsítúrà, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Mùsítúrà. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀? Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ìwádìí náà á bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ náà rùn lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Mùsítúrà dìde lórí ike náà. "Mà, ẹ má bínú o. Lọ́jọ́ tí ẹ wá yẹn, látìgbà tí ẹ ti dé títí ẹ fi lọ, aṣọ ìnujú lẹ fi bo imú. Ọwọ́ kan lẹ fi ń kọ mẹ́wàá wa sílẹ̀. Imú yín ti sọ fún yín. Kí lẹ tún wá ń bi wá sí?"

Aṣọ ìnujú náà ṣì wà lọ́wọ́ Adéníkẹ́ níbi tó dúró sí yẹn.