Ìyá Dòremí àti Ìkéde Omi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ṣe é bá rìn láàárín ìlú. Gbogbo pátákó tó bá rí lójú ọ̀nà ló máa dúró kà. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mi orí, á sì fa bírò pupa yọ nínú báàgì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi àmì sórí pátákó oníbàtà kan. Oníbàtà náà sáré jáde, ó fẹ́ pariwo, ó wo pátákó rẹ̀, ó kà á, ó sì dúpẹ́. Èmi tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ojú ń tì.

Ọdún kan ààbọ̀ péré ló fi jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń pè é. A ti jọ ja ìjà orí ẹní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì fi ojú di í níṣojú mi, ẹ ó rí ohun tí n ó ṣe.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Tábìlì ìkéde ni tirẹ̀. Ohunkóhun tí ìjọba bá fẹ́ kí ará ìlú gbọ́, orí tábìlì yẹn ló máa gbà kọjá: ọjọ́ tí ọkọ̀ ìdọ̀tí máa wọ àdúgbò, ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́, títì tí wọ́n fẹ́ tú, ìdíje eré sísá àwọn ilé-ìwé, títí kan kọ́kọ́rọ́ tí ẹnìkan rí he lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Àwọn ọ̀gá á kọ ọ̀rọ̀ wọn jákujàku sórí ìwé pélébé, wọ́n á jù ú sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ máa fi tún un kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, á dìde, á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kà á sókè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ti há. Nígbà tó bá wá jókòó, á mú bírò pupa, á máa kùn lábẹ́ ẹnu, "dò, re, mí, dò, dò, mí," á máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ pé ìkéde tí kò bá ṣe é kà sókè, kò tíì di ìkéde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Dòremí, orúkọ náà sì tẹ̀lé e dé ọjà. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́. Èmi gan-an máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní lọ́jọ́ kan, bó bá ń pe ọkọ rẹ̀ fún oúnjẹ, á kọ́kọ́ kùn ún ná.

Ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge mi kọjú sí géètì ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà èmi ni mo mọ ohun tí ìwé rẹ̀ ń ṣe. Bó bá ti lẹ ìkéde tuntun mọ́ inú pátákó onígíláàsì tó wà lẹ́nu géètì, á fi ọ̀kan ṣọwọ́ sí mi. Obìnrin tó bá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun kò ní ibi tó fẹ́ lọ, á kà á. Mo ti rí àwọn tó ń kà á sókè fún ara wọn, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ọmọ. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi rí. Mo rò pé orí rẹ̀ á wú jù.

Ọ̀gá tuntun wá dé sí ọ́fíìsì wọn. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọmọlúàbí ni, ó máa ń kí mi láràárọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ yá. Ó ní orí fóònù ni ìkéde á máa gbà báyìí, ìwé ti parí. Ìyẹn kò tilẹ̀ dun ẹ̀gbọ́n mi. Inú rẹ̀ dùn pé ìkéde á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbé wọn dé géètì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí wọ́n yọ àmì kúrò.

"Màmá, ẹ̀ ń fi àmì jẹ àkókò," ló wí fún un. "Ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí à ń sọ."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kí ó lọ máa to fáìlì ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé tábìlì ìkéde kúrò pátápátá. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìntì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó irun oníbàárà lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ bá ọkùnrin náà kó sọ ojú abẹ níkòó.

"Kì í ṣe ti àga ni mò ń wí," ló dá mi lóhùn. "Bí ìkéde bá ń dé, tí kò yé wọn, wọn ò ní kà á mọ́. Bí wọ́n bá ti lè ṣíwọ́ kíkà, kí ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ páìpù omi ní àdúgbò wa. Omi ẹ̀rọ kò ní yọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìjọba á sì fi ọkọ̀ gbé omi wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ìkéde wọlé sórí fóònù gbogbo wa. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nìyí:

"Ki ile kookan gbe agba meji jade siwaju ile ni aago meje aaro ola. Agba ti ko ba si nita ko ni ri omi gba."

Ẹ má rẹ́rìn-ín wa. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ṣàyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ọ̀gá sì ti sọ níbẹ̀ pé àwọn àgbà ni ìjọba á máa kọ́kọ́ dá lóhùn báyìí. Nítorí náà, àgbà ni gbogbo wa kà. A ní wọ́n fẹ́ kí àgbà jẹ́rìí sí omi ilé kọ̀ọ̀kan ni. Èmi, àbúrò Ìyá Dòremí, kà á bẹ́ẹ̀, mo sì sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ìyá wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo ka ìkéde fún wọn.

"Wọ́n ní kí ẹ gbé mi?" ni Ìyá bi mí. "Ṣé ẹnìkan sọ fún wọn pé mi ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde, wọ́n jókòó lórí àga. Ó ku àgbà kan. Èmi tí mo ti ń pa irun láró láti ọdún mẹ́wàá, mo tú gèlè, mo ya irun mi sọ́tùn-ún sósì kí ìdí rẹ̀ tó funfun lè hàn, mo sì jókòó tì wọ́n. Àwọn tọkọtaya kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò ní àgbà kankan nílé. Wọ́n lọ yá Bàbá Káfíńtà, aládùúgbò wa, lọ́wọ́ ìyàwó Bàbá, wọ́n sì gbé tíì fún wọn. Nígbà tí aago méje lù, àgbà ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, kálukú wọn wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ń kí ara wọn.

Ọkọ̀ omi dé. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá omi tó nípọn bí itan mi, ó wo òkè títì, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Àgbá dà?"

Ẹ rí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu jáde, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń béèrè. Ìyá ló kọ́kọ́ fọwọ́ lérí.

"Yéè! Àgbá ló ní o!"

A sáré wọlé. Àwọn kan gbé korobá, àwọn kan gbé ìkòkò, ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń bu omi sí korobá. Bó ṣe ṣí i báyìí, ó ti gbá korobá mẹ́ta dà sínú gọ́tà, ó sì fi omi rẹ Bàbá Káfíńtà láti àyà dé ẹsẹ̀. Àgbá tó wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé kún fún pàǹtí, kò ṣe é gbé jáde lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ ní òun kò lè dúró, ó kọjá sí títì kejì. Àgbà ló bá níbẹ̀ náà. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti gbé omi rẹ̀ padà sí ọ́fíìsì.

Àwọn àgbà tẹ̀lé e. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀lé àwọn àgbà. Gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ kún. Bàbá Káfíńtà dúró síwájú, aṣọ wọn ṣì ń kán tótó.

"Ta ló kọ ìkéde yìí?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà wo fèrèsé. Mo dìde, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi gbọnrangandan. Ibi tí mo ti fẹ́ là á mọ́lẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti yàrá fáìlì wọlé, eruku dé ìgúnpá rẹ̀. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó.

"Ọ́fíìsì wa ló kọ ọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ má bínú. A mú yín jókòó sínú oòrùn láìnídìí."

Ọ́fíìsì wa! Ẹni tí wọ́n kò jẹ́ kó fojú kan ìkéde náà. Ó mú ìwé funfun kan, ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bírò pupa rẹ̀ sí i, ó sì gbé e sókè.

"Dò, dò. Àgbà. Ẹ̀yin nìyẹn, ẹ kú ọdún púpọ̀. Dò, mí. Àgbá. Ti omi nìyẹn. Ìlà kan yìí ló yí sọ́dọ̀ ọ̀tún."

Bàbá Káfíńtà súnmọ́ ìwé náà, wọ́n na ìka sí ìlà yẹn.

"Nítorí èyí tó tín-ín-rín yìí ni wọ́n ṣe yá mi lọ sí ilé onílé?"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá tiwa rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀gá dìde. Mo rò pé ó fẹ́ wá àwáwí.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ àmì kúrò," ló wí. "Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbọ́. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kọ."

Kò ṣe fújà. Ó jókòó ti ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà. Àṣé ọmọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i tipẹ́, kò sẹ́ni tó bi í ni. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ẹ̀gbọ́n mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń kà á sókè. Àwọn tó wá gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí yíjú sí i, wọ́n ń gbọ́. Orí mi wú. Mo fẹ́ máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ọmọ ìyá mi nìyẹn.

Ìkéde náà jáde ní ọ̀sán. Ọkọ̀ á padà wá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ti sọ fún un kó tó lọ sílé pé wọn ò ní gbé tábìlì rẹ̀ lọ síbì kankan mọ́, pé kò sí ìkéde tó máa jáde láìkọjá lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé á máa jó délé. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́," ló wí fún mi. "Bí wọ́n bá rí ìkéde lónìí, tí wọ́n ní kò sóhun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

Ní ọjọ́ kejì, aago méje kò tíì lù tí ẹ̀gbọ́n mi fi kan ilẹ̀kùn wa. Kò wọlé. A jọ rìn jáde sí títì. Àgbá wà níwájú ilé àwọn tọkọtaya kékeré, méjì. Àgbá wà níwájú ilé Bàbá Káfíńtà, méjì, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Méjì méjì ni wọ́n tò lọ títí dé ìkóríta, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ dúdú, onírin, oníke, kò sí ilé tó ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sáàárín títì. Gbogbo ọdún tó fi kọ ìkéde, ẹ̀yìn tábìlì ló wà. Kò fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń kà á rí.

"Wọ́n kà á," ló wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Àbúrò mi, wò ó. Wọ́n kà á."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí orí rẹ̀ má baà wú ni mi ò ṣe máa ń yìn ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún un. Mo ní èmi náà kà á, sókè, lẹ́ẹ̀mejì, dò, mí, dò, mí, kí n tó yí àgbá tiwa jáde.