Ẹran Tó Ń Fọ́mọ Lọ́mú

"Èyí tó bá ní eegun ẹ̀yìn, ẹ kó o sápá ọ̀tún. Èyí tí kò bá ní, apá òsì." Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, títí tó fi sú ẹnu mi.

Èmi nìkan ni tíṣà bàọ́lọ́jì tí wọ́n ní. Èmi kọ́ ni mo yan ibẹ̀, ìjọba ló gbé mi jù síbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ mi olóṣù mẹ́jọ wà n'Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìyá mi, torí àìsàn ọkàn ń ṣe é, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé lẹ́tà lọ bá ọ̀gá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí lọ sí Ìbàdàn, bàbá náà á yọ awò ojú wọn, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ wá ẹni tí yóò dípò yín. Lọ́jọ́ náà ni màá buwọ́ lù ú." Ta ló fẹ́ wá? Inú á bí mi, màá wá lọ máa jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo débẹ̀ tí mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi mú ẹranko kọ̀ọ̀kan wá ká lè pín wọn. Mo rò pé alángbá àti tata ni wọ́n máa kó wá. Háà! Ẹran yíyan ni mo rí. Ọmọ ọdẹ ló pọ̀ nínú wọn, ohun tó wà lórí ààrò nílé ni wọ́n kó wá, ó ti dúdú kirikiri, ó ti ká kò.

"Ẹ ò ní pa mí!" ni mo pariwo. "Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó nírun nígbà tí iná ti jó gbogbo ẹ̀ lọ?"

Ọmọbìnrin ọdẹ kan nawọ́. "Mà, ẹ jẹ́ ká la ẹnu ẹ̀. Eyín alángbá, irú kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ti òkété yìí, ti iwájú gùn, ti ẹ̀yìn fẹ̀." Ẹnu yà mí, mi ò tíì kọ́ wọn débẹ̀. Ó wá yí òkété náà dà, ó nàka sí ikùn rẹ̀. "Ẹ tún wo ọmú ẹ̀, Mà. Ó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi pa á. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Omi ọmú ya, ó rin búláòsì mi gbindin. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yára bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi bò mí láyà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Bí mo ṣe bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn látọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀nà àbáyọ mi ni mo rí lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Ta ló máa kọ́ àwọn àbúrò ẹ? Tíṣà bàọ́lọ́jì ni kó o ṣe." Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, a ó jókòó sábẹ́ igi kajú: ìdí tí aláǹtakùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kò fi sí lára kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ìdí tí àdán tó ń fò kì í fi í ṣe ẹyẹ. Bàbá rẹ̀ gbé itan ẹtu wá láti fi dúpẹ́. Mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́.

Ó lọ kàwé, ó gboyè, ó padà wá. Ọ̀gá wa ò yẹ àdéhùn, wọ́n buwọ́ lu lẹ́tà mi. Mo dé Ìbàdàn, mo bá ọmọ mi tí ara rẹ̀ ti yá, ó ti ga. Ìyá mi ló ń pè ní Mọ́mì. Èmi, Àǹtí ni. Mo bínú, mo bẹ̀bẹ̀, mo ra bàtà, kò yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdẹ náà pè mí. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Abẹ́òkúta lọkọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ọ̀gá ní kí n wá ẹni tí yóò dípò mi. Ṣé ẹ ò mọ ẹnì kankan?"

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ní màá bá a wò ó.

"Mà, ẹ̀yin náà ti fọmọ sílẹ̀ rí. Tó bá yá, ṣé wọ́n máa ń mọ̀ wá ní ìyá wọn?"

Mo ní, "Wọ́n máa ń mọ̀ wá."

Láti inú yàrá, ọmọ mi ń pe Mọ́mì. Mi ò dìde. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń pè.