Ohun Tó Wà Nínú Tẹ́mọ́ọ̀sì Àlejò

Ìyá àgbà bu omi nínú àmù, ó gbé igbá náà sẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, kó tó nà án sí àlejò náà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára nǹkan tí ọkùnrin náà gbé lé itan. Tẹ́mọ́ọ̀sì onírin ni, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, ṣùgbọ́n ó ti fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ ìkókó. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ìyeyè kan mọ́ ọn, wọ́n ya agbárí òkú sí i. Èmi àti àwọn àbúrò mi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, à ń wo agbárí yẹn.

"Kí ló gbé yín wá?" Ìyá àgbà bi í.

"Alùpùpù sémíjàn ni mo gùn láti Pobè, Ìyá."

"Ẹ̀yin àti nǹkan yìí?"

"Mo gbé e mọ́ àyà."

Ìyá àgbà wo ojú ọ̀nà wa, ọ̀nà tí alùpùpù ń fò nínú kòtò bọ́ sínú kòtò láti Adja-Ouèrè títí dé Kpoulou. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

Ìyá bàbá mi nìyẹn, obìnrin tí kì í gba nǹkan gbọ́. Bí ẹ bá ra iyọ̀ wá fún un, á fi ahọ́n kàn án ná. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, á jáde lọ fi imú wá a nínú afẹ́fẹ́. Epo ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ró pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ nínú ẹkù níbi tó ti ń tẹ ẹyìn bíbọ̀, mo sì ń gbóòórùn èéfín ìhá tó ń fi dáná. Bí epo bá ń hó lórí iná, kì í wò ó, etí ló ń dẹ sí i. Tó bá ṣì ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà lè máa pariwo pé ó ti jinná, kò ní dá wọn lóhùn.

Ní ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan ló ń kọ́kọ́ tọ́ ohun náà wò lójú rẹ, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ọtí tàbí ọbẹ̀. Gbogbo agbègbè wa ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò fi í ṣeré rárá. Ìyàwó ilé kejì bu ẹ̀wà wá fún un lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé láti tọ́ ọ wò. Ẹ̀wà yẹn tutù síbẹ̀ ni.

Àbúrò bàbá mi ló pe àlejò náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣáájú dé láti Kútọnu níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá tiwa wà ní Nàìjíríà nígbà náà, ilẹ̀ ẹbí sì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ yìí. Oko ọ̀pẹ tí bàbá àgbà gbìn sílẹ̀ ni olórí rẹ̀. Òun là ń jẹ, òun ló ń rán wa lọ sí ilé ìwé.

Àlejò náà mu omi tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ẹ jọ̀ọ́, kí n má parọ́.

"Ìyá, gbogbo nǹkan tó wà láyé ló ní ìkejì tí òun àti ẹ̀ kì í fojú kan ara wọn. Ìkejì yẹn ló wà nínú ibí yìí. Àwọn òyìnbó ń pè é ní àǹtímátíẹ̀ẹ̀. Tó bá fara kan nǹkan tiwa péré, àwọn méjèèjì á pòórá, agbára nìkan ló máa kù. Èyí tí ẹ lè fi orí ìka bù, ó tó tan iná fún gbogbo Adja-Ouèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n tó bá já bọ́, kò ní sí Adja-Ouèrè mọ́."

Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tí agbára yìí yóò máa yí ẹ̀rọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò máa tẹ ẹyìn fún gbogbo abúlé. Oko ọ̀pẹ wa ni ibi tó bójú mu láti kọ́ ọ sí. Bí a bá lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún òun, òun yóò mú àwọn awọnlẹ̀ wá lọ́jọ́ ọjà.

Ìyá àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?"

"Ìyá, ẹsẹ̀ yín ni mo ń rò," àbúrò bàbá mi dáhùn. "Ẹ wo bó ṣe wú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń kérora lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é."

Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà, ó sì ṣì ń ṣe mí títí dòní. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá àgbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá kọjú sí àlejò. "Ó dáa. Ẹ tọ́ ọ wò fún wa."

"Kí lẹ wí, Ìyá?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Ẹ ṣí i."

"Háà! Bí mo bá ṣí i, gbogbo wa kú nìyẹn!"

"Ẹ má ṣí i nígbà náà. Ẹ sùn tì í níbí di ọjọ́ ọjà."

"Mo ní láti lọ pe àwọn awọnlẹ̀, Ìyá."

"Ẹ gbé e dání lọ."

"Ó léwu lójú ọ̀nà."

"Ọ̀nà tí ẹ gbà wá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dìde, ó ní òun fi í sílẹ̀ kí a lè mọ̀ pé òun kì í ṣe oníjìbìtì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Sémíjàn tó gùn lọ sáré ju èyí tó gbé e wá lọ.

A gbé tẹ́mọ́ọ̀sì náà sínú yàrá tí à ń kó èkùrọ́ sí, ìbẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́ dúró sí ọ̀ọ́kán, ó wọ́n omi àdúrà sí ara ògiri. Àwọn bàbá tó ń bọ òrìṣà ládùúgbò so màrìwò sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Wọn kò bá ara wọn jà rárá, ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo wọn. Ìyá àgbà kò dáná mọ́, nítorí kò mọ̀ bóyá iná ń bí nǹkan náà nínú. Ẹyìn tó ti bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Òórùn kíkan yẹn gba gbogbo ilé. Àbúrò bàbá mi ní kó má dààmú, pé ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé, ẹbí sì ti fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Ó kàn ń jókòó síwájú yàrá náà, ó dẹ etí sí i bó ṣe ń dẹ etí sí epo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da àdín sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa wá lórí àti lọ́rùn, ó fara balẹ̀ ṣe é bíi pé a fẹ́ lọ ṣe ọdún. Ó tú kọ́kọ́rọ́ àpótí tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà, kọ́kọ́rọ́ tí kì í fún ẹnikẹ́ni, kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ tèmi. Ó ní kí n kó àwọn àbúrò mi lọ kí àbúrò òun ní Oko-Akarè, kí a sun ibẹ̀. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ yìí ńkọ́, Ìyá àgbà?" Ó ní kí n máa lọ jàre, pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Inú mi dùn pé ó fọkàn tán mi. Mo fò lọ ni.

Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì, ó jókòó síbi tó ń jókòó sí, iná ń jó lábẹ́ ìkòkò epo. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ bèèrè. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ọjà pé, àlejò dé pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀ méjì tí wọ́n gbé okùn dání. Èrò ti pé sí àgbàlá wa. Ìyá àgbà wọ yàrá, ó gbé tẹ́mọ́ọ̀sì náà jáde, ó dúró sáàárín wa, ó di ìdérí rẹ̀ mú, ó yí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi! A sá! Àwọn awọnlẹ̀ ju okùn sílẹ̀, wọ́n wọ igbó. Mo fa àbúrò mi kan lọ́wọ́, mo gbé ìkejì lé ẹ̀yìn. Àbúrò bàbá mi sá dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rántí ìyá rẹ̀, ó yíjú padà láti lọ já a gbà. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí gbogbo wa padà rí. Ìyá àgbà dúró. Àlejò náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Nínú gbogbo àgbàlá, ẹni tó gbé ewu náà wá nìkan ni kò sá.

Ìyá àgbà da omi láti inú tẹ́mọ́ọ̀sì sínú ìdérí, ó mu díẹ̀, ó nà án sí i. "Àlejò, gbà."

Àbúrò bàbá mi ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sá?" ó bi í. Ọkùnrin náà yí padà, ó fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Adja-Ouèrè lọ. Kò sẹ́ni tó lé e. Àbúrò bàbá mi jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Oko ọ̀pẹ kò kúrò lọ́wọ́ wa.

Òwú àti iyanrìn ni Ìyá àgbà bá nínú tẹ́mọ́ọ̀sì náà. Òun ló sọ fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí a lọ sí Oko-Akarè, ó gbé e lórí lọ sí ìparí oko, ó kọjá odò kékeré, ó ṣí i níbẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó sì rọ omi sí i. Ó ní àlejò náà ti bu kún ewu rẹ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń bu kún owó ọjà, òun sì ti ná an wálẹ̀. Lójú tirẹ̀, tó bá burú tán, ìparun rẹ̀ kò lè kọjá odò.

Olùkọ́ físíìkì ni mí báyìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Adja-Ouèrè, mo sì mọ̀ pé ìnájà yẹn kò bá a mu rárá. Ká ní òótọ́ ni, ká ní ìwọ̀n orí ìka ló wà níbẹ̀, odò kò ní dá a dúró. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ló jẹ́ òótọ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Àǹtímátíẹ̀ẹ̀ wà. Tó bá kan nǹkan tiwa, àwọn méjèèjì á pòórá, agbára tó ń jáde níbẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ pàápàá ń tu bíńtín rẹ̀ sílẹ̀, á ti pòórá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí tẹ́mọ́ọ̀sì tó lè gbà á, nítorí tẹ́mọ́ọ̀sì náà jẹ́ nǹkan. Inú òfìfo ni wọ́n ń fi agbára òòfà so ó rọ̀ sí kó má baà kan ògiri. Gbogbo èyí tí ọwọ́ èèyàn ti ṣe rí, kò tó se epo ọjọ́ kan ní ẹkù wa. Agbára tí wọ́n ń ná láti ṣe é sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí gbà padà lọ fíìfíì.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń gbé tẹlifóònù wá, wọ́n á fi fídíò hàn mí: ẹnì kan ní òun ní iná ọ̀fẹ́, ẹlòmíràn ní ayé máa parẹ́ lọ́la. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi wọ́n: ẹni tó ń gbé e fún yín yìí, ṣé ó ti tọ́ ọ wò? Wọ́n ń pè mí ní Màdáàmù Tọ́-ọ-wò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Tẹ́mọ́ọ̀sì náà wà lórí tábìlì mi, mo máa ń mu nínú rẹ̀ kí n tó bu omi fún wọn.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì, mo sáré wálé lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ìyá àgbà. Ó ti darúgbó, kò lè tẹ ẹyìn mọ́. Ó fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ìfura, ó bi mí bóyá mo fojú mi rí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé irọ́ ni, àbí?"

Ó wò mí títí, bíi pé gbogbo ìwé tí mo kà kò wọ̀ mí lórí.

"Bí mo bá mọ̀," ó ní, "ṣé mo máa fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?"