Ẹ̀gẹ́ Lórí Ebè Iṣu Bàbá Mi

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ra ẹ̀rọ kan tó ń gé ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, mo sì gbé e wá sí oko bàbá mi, lójú ọ̀nà Èrúwà sí Lanlate. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n yọjú wo ẹnu rẹ̀.

"Tíṣà, kí ni èyí ń jẹ?"

"Gbogbo igi tí ẹ máa ń dáná sun ni, Bàbá. Á gé e, a ó dà á sórí ebè, oòrùn ò ní lè pa èèbù iṣu yín."

Láti ìgbà tí mo ti lọ sílé ẹ̀kọ́ ni Bàbá ti kà mí sí àlejò lóko wọn. Ó máa ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ oko lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ń wá. Wọ́n wá fún mi ní ọgọ́rùn-ún ebè láti fi dán an wò.

"Bí iṣu yìí bá kú, ẹ̀rọ rẹ á padà sílé, iná ni n ó sì padà sí."

Igi ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu ló pọ̀ jù nílẹ̀. Mo ń kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń pariwo, èmi náà ń kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ohun tó ń jáde ti gùn tó ìka ọwọ́. Abẹ rẹ̀ ò mú mọ́. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní kí n máa pọ́n ọn, ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gbogbo ayé mi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìwé kíkà, mi ò ka ìwé yẹn. Mo da igi náà sórí ebè bẹ́ẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Bàbá pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Tíṣà, wá wo iṣu rẹ. Ó ti di ẹ̀gẹ́!"

Mo gun ọ̀kadà lọ. Òótọ́ ni. Orí ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ló ti hù. Kò sí ọmọdé ní Ìbàràpá tí kò mọ̀ pé igi ẹ̀gẹ́ tútù tó bá ti balẹ̀ máa hù, èmi àgbà ni mo gbàgbé. Ojú tì mí gan-an. A bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu, Bàbá sì ń bi ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan pé ilé ìwé wo ló lọ.

Nígbà tó yá, Bàbá dáwọ́ ẹ̀gẹ́ fífà dúró. Wọ́n ti ti ọwọ́ bọ abẹ́ igi wẹ́wẹ́ náà: ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, iṣu sì ti ń hù. Wọ́n lọ sí ebè tiwọn, tí afẹ́fẹ́ ti gbé koríko tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ lọ. Wọ́n wú èèbù méjì níbẹ̀, ó ti gbẹ.

"Ẹ̀rọ yẹn dà?"

Mo fà á jáde nínú ahéré, mo jẹ́wọ́ pé abẹ rẹ̀ ti kú, kò mú mọ́. Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì tó ń tan ẹ̀rọ, kó má baà ṣiṣẹ́ lójijì, mo fi sípánà tú abẹ rẹ̀. Bàbá mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá jáde nínú àpò ọdẹ wọn. Wọn kì í yá ẹnikẹ́ni ní fáìlì yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n jọ ń dáko kò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n pọ́n abẹ náà títí tó fi ń dán.

"Ọmọ Ògún ni mí," ni wọ́n wí. "Irin ò gbọdọ̀ kú lóko mi. Igi ẹ̀gẹ́ yẹn náà, kọ́kọ́ sá a kó gbẹ kó o tó gé e."

Mo dé abẹ padà, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì na fáìlì sí wọn. Wọn ò gbà á.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo oko lo máa bò lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀."